Ní Ìlú Tí A Kì Í Ti Í Ṣí Fìlà Gbàdúrà

Láti kékeré, nígbà tí bàbá mi ń fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìsìn, ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọkùnrin kì í dé fìlà níwájú Ọlọ́run, àti pé ẹni tí ó bá gbàgbé fìlà sórí nígbà tí àlùfáà ń gbàdúrà kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó pàdé ọba lọ́nà tí kò dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà sì ti wọ̀ mí lẹ́gungun tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí èmi àti àwọn tí a jọ ti Ìbàdàn rìnrìn-àjò wá sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ Ògiri Ẹkún ní Jerúsálẹ́mù, tí mo gbójú sókè tí mo rí àwọn òkúta ràbàtà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í tò lé ara wọn láti ayé Hẹ́rọ́dù Ọba, ní ohun tí ó ti lé ní 2,000 ọdún, ọwọ́ mi kò dúró gba àṣẹ kí ó tó gbéra lọ sí orí mi, tí ó sì ṣí fìlà aṣọ òkè tí mo dé.

N kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ tí baba àgbàlagbà kan, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, fi sáré tọ̀ mí wá, tí ó ń ju ọwọ́ bí ẹni tí ó rí ọmọ kékeré lẹ́bàá kànga. “Ẹ jọ̀wọ́, alàgbà,” ni ó wí, “ẹ má ṣí i. Ẹ dé e padà. Níbí, orí kì í wà ní ìhòòhò níwájú Ẹni tí ó wà lókè.” Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo àkẹtẹ̀ dúdú orí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè yé mi yékéyéké, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà sídìí ìwé àdúrà rẹ̀. Nígbà náà ni mo tó ṣàkíyèsí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n kó fìlà pélébé-pélébé sí fún àlejò tí ó bá gbé orí lásán wá. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá tíì dé oko bàbá ẹlòmíràn yóò máa wí pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun. Èmi tí mo fi ọdún 35 ṣe olùkọ́, tí mo sì ti ka Bíbélì já láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé ohun tí a ń pè ní ọ̀wọ̀ nílé bàbá mi ni wọ́n ń pè ní àfojúdi ní ìlú tí ìwé náà ti wá. Mo dé fìlà mi padà, mo gbé ọwọ́ lé òkúta, mo sì gba àdúrà àkọ́kọ́ tí mo gbà láyé mi pẹ̀lú fìlà lórí.

Ọ̀tọ̀ ni ibi tí àwọn obìnrin ti ń gbàdúrà níbẹ̀. Láti apá ọ̀hún ni Ìyá Aláṣọ ti wá bá mi, tí ojú rẹ̀ ń tàn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pe màmá yìí, ẹni tí ó ti ń ta aṣọ ní Gbági láti ìgbà tí ọjà náà ti wà láàárín ìgboro Ìbàdàn, kí wọ́n tó kó o lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀. Ọmọ aláró ni ní Ìtòkú, l’Abẹ́òkúta, ojú rẹ̀ kò sì lè kọjá lára aṣọ láìṣírò òwú rẹ̀. “Tíṣà,” ni ó wí fún mi, “àwọn ará ibí mọ iyì gèlè o. Ìyá kan di ọwọ́ mi mú, ó ní àfi bí mo bá fi han òun bí mo ṣe wé e.”

Fìlà pélébé inú àpótí yẹn, tí àwọn Júù ń pè ní kípà, kò sí nínú òfin tí Mósè kọ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn amòye ìgbà Talmud, ìwé ńlá ẹ̀kọ́ àwọn Júù, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, inú ìwé náà ni a ti gbọ́ ti ẹnì kan tí kì í rìn tó ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin láìbo orí, ọjọ́ sì gorí ọjọ́ títí ó fi di àmì gbogbo olùfọkànsìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo kípà, olúwarẹ̀ dà bí ẹni tí ó ní gọ̀bì àti abetí-ajá kò yàtọ̀ síra. Èyí tí a fi àrán dúdú rán jẹ́ ti àwọn tí ó gbé ayé wọn fún ẹ̀kọ́ Tórà. Èyí tí a fi òwú aláràbarà hun, tí ìyàwó tàbí àfẹ́sọ́nà sì sábà máa ń hun fún ọkùnrin, jẹ́ ti àwọn tí ó so ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ìfẹ́ orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, tí wọ́n ń ṣe ológun tí wọ́n sì ń ṣe dókítà. Èyí tí ó funfun, tí ó tóbi tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Rábì Nachman ti Breslov ni ó ń dé e. Afinimọ̀nà wa, ọmọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti ilẹ̀ Yemen wá, fi dá wa lójú pé òun lè wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro Jerúsálẹ́mù, kí òun sì sọ ẹni tí oníkálukú yóò dìbò fún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ya ẹnu. Àwa tí a ní aṣọ là á kí kí a tó kí ènìyàn, a kò bá a jiyàn.

Òun ni ó mú wa gba Mea Shearim kọjá kí oòrùn tó wọ̀ tí Ọjọ́ Ìsinmi yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1874 ni wọ́n tẹ àdúgbò náà dó lẹ́yìn odi ìlú àtijọ́, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú ìtàn Ísáákì tí ó fúnrúgbìn, tí ó sì kórè ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Àkọlé gàdàgbà wà lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má fi aṣọ tí kò bo ara wọlé. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì nínú wa sáré wá ìborùn. Ṣùgbọ́n Ìyá Aláṣọ, pẹ̀lú bùbá ọlọ́wọ́ gígùn àti ìró tí ó kan ilẹ̀, ni ó ṣíwájú wa wọlé bí ẹni tí ń lọ sí àgbàlá bàbá rẹ̀. Ojú ọ̀nà há. Òórùn búrẹ́dì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná gba gbogbo afẹ́fẹ́. Àwọn ọkùnrin ń kánjú kọjá, irun ẹ̀bá etí wọn tí wọn kì í gé ṣì ń kán omi, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìwẹ̀nùmọ́ dé ni.

Àlejò yóò ní dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, ó sì tán. Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran ni. Bọ́tìnnì kóòtù àwọn Júù olùfọkànsìn tí a ń pè ní Hasidim yàtọ̀ sí ti aṣọ òyìnbó ọkùnrin: apá ọ̀tún ni ó ń gorí apá òsì, nítorí nínú ẹ̀kọ́ wọn, ọ̀tún ni àánú, òsì ni ìdájọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ìdájọ́ gorí àánú lára àwọn, ìbáà ṣe nínú bọ́tìnnì. Bí àkókò àdúrà bá tó, wọn a di ọ̀já dúdú mọ́ ìbàdí, kí ibi tí ọkàn wà lè dá yà sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀. Afinimọ̀nà wa wá nawọ́ sí ọkùnrin kan tí ó ti ẹnu ṣòkòtò rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. “Ger nìyẹn,” ni ó wí. Ó nawọ́ sí òmíràn, ó ní “Belz”, ó nawọ́ sí ẹ̀kẹta, ó ní “Satmar.” Mo bi í léèrè bóyá orúkọ ìdílé ni. Ó ní rárá o, orúkọ ìlú ni.

Ìlú ni wọ́n lóòótọ́. Ger ni àwọn ará Poland ń pè ní Góra Kalwaria, kò sì jìnnà sí Warsaw. Belz àti Vizhnitz wà ní ilẹ̀ tí í ṣe Ukraine lónìí. Satmar wà ní Romania. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan ni rábì ńlá kan ti jókòó nígbà kan rí pẹ̀lú agbo rẹ̀, tí agbo kọ̀ọ̀kan sì ní bí àkẹtẹ̀ tirẹ̀ ti ń fẹ̀ tó, bí kóòtù tirẹ̀ ti ń gùn tó, àti bí fìlà onírun ti Ọjọ́ Ìsinmi tirẹ̀ ti ń rí: ti Ger ga fíofío, ó ń jẹ́ sípódíìkì, ti àwọn yòókù fẹ̀ bí àwo, ó sì ń jẹ́ ṣítíráímẹ́lì. Láàárín ọdún 1941 sí 1944 ni ìjọba Násì àti àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ kó àwọn Júù ìlú wọ̀nyí lọ pa, lára mílíọ̀nù mẹ́fà tí wọ́n pa. Rábì ńlá ti Ger, Avraham Mordechai Alter, ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní 1940, Jerúsálẹ́mù ni ó sá wá, ibẹ̀ sì ni àwọn ìwọ̀nba tí ó ṣẹ́kù ti tún ilé náà mọ. Ẹni tí ó bá dé Góra Kalwaria lónìí yóò bá ilé, yóò bá òpópónà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí Ger gan-an, Jerúsálẹ́mù ni kí ó wá, yóò bá ìlú náà níbi tí ó ti ń rìn lórí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí kò dé Poland rí. Nígbà tí ogun fọ́ Òwu ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, oríkì ni àwọn ọmọ rẹ̀ rù dé Abẹ́òkúta, oríkì náà ni Òwu sì fi ń mọ Òwu títí di òní. Iṣẹ́ tí ẹnu ṣe fún tiwa ni ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà ṣe fún tiwọn.

A yà sí ìsọ̀ aṣefìlà kan tí ó fẹ́ tìlẹ̀kùn. Ó ń fi òòyà ya irun ṣítíráímẹ́lì kan bí ìyá tí ń ya irun ọmọ. Ìrù àwọn ẹranko kéékèèké ilẹ̀ òtútù ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìrù fún fìlà kan. Owó rẹ̀ a máa wọ ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàbá ìyàwó ni ó sì sábà máa ń rà á fún ọkọ ọmọ rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó. Baba náà sọ ìtàn kan fún wa tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, pé ní ayé àtijọ́ ọ̀tá kan pàṣẹ pé kí Júù máa so ìrù ẹranko mọ́ orí ní Ọjọ́ Ìsinmi, kí a lè fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwọn àgbà wọn sì kó ìrù náà jọ, wọ́n tò ó yí orí ká, wọ́n sì fi ṣe adé. Mo fẹ́ràn ìtàn náà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti wo àwòrán àwọn ọlọ́lá Poland ìgbàanì yóò rí irú fìlà bẹ́ẹ̀ lórí wọn, aṣọ gígùn olójú-ìlà àwọ̀ wúrà tí àwọn ìdílé àtijọ́ Jerúsálẹ́mù sì ń wọ̀ ní Ọjọ́ Ìsinmi, aṣọ tí àwọn ará ìlú náà ń wọ̀ ní ayé ìjọba Tọ́kì ni. Kò sí ọ̀kan tí Mósè wọ̀ nínú wọn. Lọ́wọ́ aládùúgbò ni wọ́n ti bá a. Aládùúgbò ti bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Júù kọ̀, kò bọ́ ọ. Kíkọ̀ yẹn gan-an ni ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ èrò yìí fún Ìyá Aláṣọ, ó mi orí. “Ta ni ó hun léèsì, Tíṣà? Kì í ha ṣe àwọn ará Austria ni? Lọ wo òde ìnáwó l’Ékòó kí o wá sọ fún mi pé ti ẹlòmíràn ni.”

Ọjọ́ Ajé ni a lọ sí Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn tí a pa. N kò ní lè ròyìn gbogbo rẹ̀. Nínú àpótí onígíláàsì kan ni mo ti rí ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ìjọba Násì pàṣẹ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1941 pé kí gbogbo Júù Jámánì tí ó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà rán mọ́ àyà aṣọ rẹ̀. Mo wo etí rẹ̀, mo rí ojú abẹ́rẹ́ tí ó tò tẹ̀ léra wọn wẹ́wẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí a ti kọ́ láti kékeré pé kí a máa ránṣọ dáadáa, tí kò sì lè ránṣọ tí kò dára, àní ti ìtìjú ara rẹ̀. Ìwà náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Násì. Ní ọdún 1215 ni ìgbìmọ̀ ńlá ìjọ Kristi tí ó jókòó ní Róòmù ti pàṣẹ pé kí aṣọ Júù yàtọ̀ sí ti Kristẹni. Ní 1275 Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ó bá ti ju ọmọ ọdún méje lọ nínú wọn gbọ́dọ̀ lẹ aṣọ ìyeyè mọ́ ara, gígùn rẹ̀ íǹṣì mẹ́fà, ìbú rẹ̀ mẹ́ta. Ní 1290 ó sì lé gbogbo wọn jáde kúrò ní ìlú. Ó dùn mí, èmi ọmọ ìjọ, pé àwọn tí ó ń ka Bíbélì kan náà tí mo ń kà ti gbé abẹ́rẹ́ yẹn ṣáájú Násì.

Lórí àtẹ̀gùn níta ni afinimọ̀nà wa, tí ó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí a ti dé, ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà fún wa. Àwọn Júù Yemen ń pe irun ẹ̀bá etí ní símánímù, èyí tí ó túmọ̀ sí àmì. Láàárín 1949 sí 1950 ni ọkọ̀ òfuurufú kó nǹkan bí 49,000 nínú wọn wá sí Ísírẹ́lì. Nínú àgọ́ tí wọ́n kó wọn sí ni àwọn tí ó ń tọ́jú wọn ti gé àmì náà lórí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ, wọ́n ní ayé ti lajú, títí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ Frumkin ní 1950 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí ìgbìmọ̀ sì jẹ́rìí pé òtítọ́ ni. “Bàbá mi àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,” ni ó wí. “Ó ní kò sí ẹni tí ó gé e fún òun ní Yemen, láàárín àwọn tí kì í ṣe Júù. Ìlú tí òun ti ń gbàdúrà láti dé ni wọ́n ti gé e.” Kò sí ẹni tí ó fọhùn nínú wa. Ìyá Aláṣọ fa ọmọkùnrin náà mọ́ra bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni.

Nínú gbogbo ohun tí Júù ń wọ̀, ọ̀kan wà tí kò sí aládùúgbò tí ó lè sọ pé òun ni òun wín wọn: wajawaja etí aṣọ, tí Ìwé Nọ́ńbà orí kẹẹ̀ẹ́dógún pa láṣẹ. Aṣọ onígun mẹ́rin ni, fọ́nrán òwú mẹ́rin ní igun kọ̀ọ̀kan, tí a ṣẹ́ po tí ó di mẹ́jọ, kókó márùn-ún lórí wọn. Bí wọ́n bá sì ka iye tí ó wà nínú lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ní èdè Hébérù, tí í ṣe 600, tí wọ́n fi mẹ́jọ àti márùn-ún lé e, ó di 613, iye òfin Mósè. Ìwé náà tún sọ pé kí fọ́nrán aláwọ̀ aró kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, ó dúró fún ohun tí ó ju 1,000 ọdún lọ, nítorí pé ẹ̀dá inú òkun ni wọ́n ń mú aró náà lára rẹ̀, ogun àti ìrúkèrúdò sì mú kí ìmọ̀ rẹ̀ sọnù. Gbogbo wajawaja wá di funfun báláú. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Rábì Leiner ti Radzyn ní òun ti rí i lára ẹja kan tí ń tu tàdáwà. Isaac Herzog, ẹni tí ó wá di olórí rábì Ísírẹ́lì, kọ ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lé e lórí ní 1913 ní yunifásítì London. Ó mú aró Radzyn lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé èròjà kẹ́míkà lásán ni ó fún un ní àwọ̀. Ìṣáwùrú òkun kan ni ọkàn àwọn onímọ̀ ń fà sí, ṣùgbọ́n àwọ̀ àlùkò ni tirẹ̀ máa ń mú jáde, títí di àwọn ọdún 1980 tí ọ̀jọ̀gbọ́n Otto Elsner ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Shenkar ṣàkíyèsí pé bí oòrùn bá ta sí omi aró náà, àwọ̀ àlùkò ń ṣí kúrò, aró gidi ni ó ń kù.

Nínú ìsọ̀ kan ní àdúgbò Júù láàárín odi ìlú àtijọ́ ni a ti rí fọ́nrán yìí, àwo karawun ìṣáwùrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Aláṣọ mú un, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rá a, ó gbóòórùn rẹ̀. “Tíṣà,” ni ó wí, “aró ìyá mi nìyí. Elú ni.” Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún òǹtajà, mo sì rò pé yóò bínú. Ó fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀. Ó ní Talmud ti kìlọ̀ nípa aró kan tí ó ti ara ewé wá, pé ojú ènìyàn kò lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti òkun, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ ẹni tí ó so ti ewé tí ó sì pè é ní ti òkun. Àwọn onímọ̀ òde òní sì ti fi yé wọn pé ewé náà ni elú, àti pé ara kan náà ni aró méjèèjì. Ìyá Aláṣọ ní, bí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé tútù ni í kọ́kọ́ ní, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni aró yóò yọ. Òǹtajà sì ń mi orí rẹ̀ bí ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ dé. Ọ̀pọ̀ rábì ni kò gba tuntun yìí gbọ́, tí wọ́n ṣì ń so funfun. Èmi rò pé àìgbàgbọ́ wọn náà ní ọlá tirẹ̀: ohun tí a pàdánù fún ọdún tó báyẹn, a kì í yára sọ pé a ti rí i.

Lórí irun obìnrin pẹ̀lú, àwọn Júù olùfọkànsìn kò fi ohùn ṣọ̀kan. Obìnrin tí ó bá ti lọ́kọ a máa bo irun rẹ̀. Àwọn kan ń fi wíìgì bò ó, ṣùgbọ́n Rábì Ovadia Yosef, àgbà àwọn Júù Ìlà-oòrùn, kọ wíìgì pátápátá, ó ní gèlè ni kí wọ́n wé. Ní 2004, nígbà tí a gbọ́ pé irun tí a fi ṣe àwọn kan ti tẹ́ńpìlì òrìṣà kan ní Íńdíà wá, Rábì Elyashiv ní wọn kò gbọdọ̀ lò wọ́n, àwọn obìnrin sì jó wíìgì olówó iyebíye níná ní ìgboro. Ní ìsọ̀ gèlè kan, a bá ọmọbìnrin kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ̀ ń kọ́ ọ bí wọ́n ti ń wé e. Gèlè kò dùn bíi ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé kò dà bí kí ó yẹni. Ìyá Aláṣọ bọ́ sí àárín wọn láìbéèrè, nígbà tí ó sì ṣe tán, ìyá ọmọ náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ọjọ́rú tí a ó padà sílé ni àjọ̀dún Sigd bọ́ sí, èyí tí àwọn Júù Etiópíà ń ṣe ní àádọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn Ọjọ́ Ètùtù, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ísírẹ́lì sì sọ di àjọ̀dún orílẹ̀-èdè ní 2008. A gun òkè tí ó kọjú sí ìlú àtijọ́. Àwọn àlùfáà wọn dúró ní ìtò, láwàní funfun lórí, agboòrùn aláràbarà tí etí rẹ̀ ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lókè wọn gẹ́gẹ́ bí ti ọba lọ́dọ̀ wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì bo òkè náà pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní nẹ́tẹ́là. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, wọ́n kó ohun tí ó lé ní 14,000 nínú wọn wá láti Addis Ababa ní nǹkan bí wákàtí 36, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ẹrù kankan ju nẹ́tẹ́là tí ó wà lára wọn lọ. Ní Etiópíà, Kristẹni aládùúgbò wọn ń wọ aṣọ kan náà. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí rẹ̀ mọ̀ pé Júù ni wọ́n. Lórí òkè yìí, láàárín Júù ẹgbẹ́ wọn, òun ni a fi ń mọ̀ pé ará Etiópíà ni wọ́n.

Nítòsí wa ni ìyá arúgbó kan dúró sí, tí ó kúrú, tí ó sì ń wo ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan nínú aṣọ ológun, ìbọn ní èjìká, sáré gun òkè wá bá a. Ó ṣe kedere pé ibi iṣẹ́ ni ó ti gbàyè wá. Arúgbó náà kò kí i. Ó tú àpò rẹ̀, ó fa nẹ́tẹ́là kan yọ tí a ká bí ìwé, ó na ọwọ́, kò tó èjìká ọmọ. Ọmọ náà gbé ìbọn sí ẹ̀yìn, ó tẹ eékún méjèèjì wálẹ̀ díẹ̀ nínú eruku, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ìyá rẹ̀ àgbà fi ta aṣọ náà bo kákí, tí ó ṣẹ́ etí rẹ̀ po sí ibi tí ó yẹ, tí ó tún un ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidi lórí òkè náà. Mo fi ọwọ́ di fìlà mi mú.